Èbù inú gíípíì: bí wọ́n ṣe pa ẹrẹ̀ alààyè mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí wọ́n sì jí i padà nítòsí Kabba

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà nítòsí Kabba, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, tí akẹ́kọ̀ọ́ 300 ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìwẹ̀ àti omi ilé ìdáná wọn kì í lọ tààrà sí sọ́kàwéè. Ilé ìfọmi kékeré kan ni ó ń gbà kọjá, bakitéríà á jẹ ẹ̀gbin inú rẹ̀, kí omi náà tó ṣàn lọ sínú odò tí àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ ń pọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nílé-ẹ̀kọ́, ilé ìfọmi náà kì í fa ọ̀rọ̀. Ìsinmi gígùn ni ìṣòro rẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko, láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹwàá, tó jẹ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ àti òṣìṣẹ́ méjìlá péré ló ń kù nínú ọgbà. Bakitéríà tí wọ́n ti mọ́ oúnjẹ ẹni 300 lára yóò wá máa retí ti ẹni 12.

Táńkì afẹ́fẹ́ ibẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn bakitéríà náà, gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 3, ìyẹn lítà 36,000. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni táńkì ìtòrò wà, níbi tí ẹrẹ̀ alààyè, ìyẹn ìṣùpọ̀ àwọn bakitéríà yìí, ti ń rọ̀ sísàlẹ̀ kí pọ́ǹpù tó dá a padà. Tí a bá ka lítà 80 fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, omi tó ń wọlé jẹ́ lítà 24,000. BOD ni àwọn oníṣẹ́ fi ń wọn oúnjẹ bakitéríà: ó jẹ́ ìwọ̀n ọ́síjìn tí wọ́n ń lò láàárín ọjọ́ 5 bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ̀gbin inú omi. Tí a bá ka gíráàmù 40 fún ẹnì kan, oúnjẹ òòjọ́ gbogbo wọn jẹ́ kílò 12. Ẹrẹ̀ inú lítà kan, tí a bá sẹ́ ẹ tí a sì gbẹ ẹ́, wọn mílígíráàmù 3,500. Nínú gbogbo táńkì, ó jẹ́ kílò 126. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń jóná tí a bá sun ún ní 550 °C, ìyẹn nǹkan bíi kílò 94. Inú apá yìí ni àwọn alààyè wà, pẹ̀lú òkú wọn. Ìyókù jẹ́ yanrìn àti eérú. Kílò 12 oúnjẹ fún kílò 94: kò pọ̀ jù, kò sì kéré jù fún irú ilé ìfọmi tí kì í kánjú bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò rí ẹrẹ̀ alààyè rí yóò rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Tí ara rẹ̀ bá yá, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi kòkó mímu tí wàrà rẹ̀ kò pọ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Bu lítà kan sínú ìgò tó mọ́, kí o gbé e kalẹ̀. Yóò so mọ́ra ní ìṣùpọ̀-ìṣùpọ̀, yóò máa rọ̀ sísàlẹ̀ bí ògì ṣe ń rọ̀ lábẹ́ omidùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ dúró ní mílílítà 385, omi òkè sì mọ́ gaara. Pín 385 sí gíráàmù 3.5 tó wà nínú lítà náà, yóò fún ọ ní 110. Láàárín 80 sí 150 ni ẹrẹ̀ tó dára máa ń wà. Tó bá ti kọjá ibẹ̀ ó ti ń wú, yóò sì máa bá omi jáde kúrò nínú táńkì ìtòrò.

Ní 1914 ni Edward Ardern àti William Lockett fi ọgbọ́n yìí hàn ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹ̀gbin, ó sì gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí àmóníà inú rẹ̀ tó di nítíréètì tán. Wọn kò da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nídìí rẹ̀ nù. Omi ẹ̀gbin tuntun ni wọ́n dà lé e lórí, wọ́n sì ń tún un ṣe bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún fi di iṣẹ́ tí kò ju ọjọ́ kan lọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni gbogbo ọrọ̀ inú iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ kó kú ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Oríṣi bakitéríà méjì ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Àwọn tó ń jẹ ìgbẹ́, ọ̀rá àti ìṣẹ́kù oúnjẹ pọ̀, wọ́n sì ń bí kíákíá. Wákàtí díẹ̀ ti tó kí ọ̀kan di méjì. Àwọn kejì, tí a ó máa pè ní ajẹ-àmóníà, ló ń sọ àmóníà tó ti ara ìtọ̀ wá di nítíréètì. Àwọn yìí kò pọ̀, ó lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì, omi kíkan ń dà wọ́n láàmú, kẹ́míkà díẹ̀ sì ti tó láti dá wọn dúró. Bẹ́ẹ̀ àmóníà ni ó ń pa ẹja odò. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ pípa ẹrẹ̀ mọ́, àwọn ajẹ-àmóníà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn yòókù yóò padà wá fúnra wọn bí wọ́n bá ti rí oúnjẹ.

Èbù tí wọ́n yọ sọ́tọ̀

Nílẹ̀ Okun, kò sí àgbẹ̀ tí yóò jẹ iṣu rẹ̀ tán láìyọ èbù sọ́tọ̀. Ohun tí ẹni tó ń tọ́jú ilé ìfọmi náà ṣe nìyẹn ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsinmi. Ó pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú 45, ó jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọ̀, ó wá fi pọ́ǹpù fa lítà 2,000 láti ìsàlẹ̀ sínú táńkì gíípíì lítà 2,500 kan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà nípọn tó gíráàmù 9 nínú lítà kan, ìyẹn kílò 18, tàbí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹrẹ̀ tó wà. Ìdá 10 sí 20 ni èbù tó máa ń tó fún táńkì tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n gbé gíípíì náà sí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Gíípíì dúdú tó bá wà nínú oòrùn yóò se ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyára tí ẹrẹ̀ fi ń jẹ ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń pa ìwọ̀nba díẹ̀ mọ́ nínú ìgò, fíríìjì ní 4 °C ló dára jù, kó má wọ firísà, nítorí yìnyín ń fọ́ ara wọn. Ìgò tàbí gíípíì, a kì í dé ẹrẹ̀ alààyè pa: gáàsì ń jáde lára rẹ̀, ìdérí tó le yóò bẹ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni wọ́n fi bo ẹnu gíípíì náà.

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ń lò ni wọ́n so mọ́ ọn, wáàtì 250, lórí sólà. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Iná tó ń jẹ lójúmọ́ kò ju ìdajì kílówáàtì-wákàtí lọ.

Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Bakitéríà tí kò rí jẹ, tó sì ń rí afẹ́fẹ́ mí, ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, yóò máa ṣọ́ okun inú rẹ̀ ná. Àwọn ajẹ-àmóníà pàápàá ń kú díẹ̀díẹ̀ níbi tí kò sí ọ́síjìn ju ibi tó wà lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ rárá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, gáàsì olóòórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, gáàsì yẹn sì jẹ́ májèlé fún wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ ẹ fún wọn díẹ̀díẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ tó nípọn báyìí, ọ́síjìn kì í lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí ẹ̀rọ bá ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn, nítíréètì tí àwọn ajẹ-àmóníà ṣe nígbà afẹ́fẹ́ ni àwọn yòókù yóò máa fi mí. Níwọ̀n ìgbà tí nítíréètì bá wà, òórùn ẹyin kì í yọjú. Kí nítíréètì tó tán pátápátá, ẹ̀rọ á tún ti dé.

Oúnjẹ wọn jẹ́ garawa lítà 20 omi inú táńkì ìgbẹ́ ilé òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Kò tó ohun tí wọn yóò yó. Ó kàn tó kí wọ́n má baà gbàgbé ọ̀nà ọ̀fun. Wọn kò fi yúríà sí i, torí òkú bakitéríà fúnra rẹ̀ ń tú àmóníà jáde, ìyẹn sì tó àwọn ajẹ-àmóníà. Ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan wọ́n ń fi ìwé pH, tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, wò ó. Tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 6.8, wọ́n á po ṣíbí ìjẹun kan hydrated lime, ìyẹ̀fun funfun tó ń dín ìkan omi kù, mọ́ omi, wọ́n á dà á sí i nígbà tí afẹ́fẹ́ ń hó.

Àánú tó jẹ táńkì ńlá

Àṣẹ tí ilé-ẹ̀kọ́ fi sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ nípa táńkì ńlá yàtọ̀: ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kú, tọ̀sán tòru. Ọkàn rere ni wọ́n fi pa á láṣẹ, torí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ẹ̀mí. Ẹ̀rọ kílówáàtì 2.2 ni, ó ń jẹ kílówáàtì-wákàtí 53 lójúmọ́, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé e nígbà tí iná NẸ́PÀ kò sí.

Ọjọ́ 21 ló fi ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsinmi. Nínú ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ń lò, bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn alààyè ló ń ṣòfò lójúmọ́ ní 20 °C tí wọ́n bá ń rí afẹ́fẹ́ láìrí oúnjẹ. Ní 28 °C tí omi ibẹ̀ wà, ó tó bí 8. Ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ 21, kò ní tó ìdá kan nínú márùn-ún tí yóò kù. Ẹrẹ̀ náà, tó ṣẹ́ kù sí 3,000 lẹ́yìn tí wọ́n yọ èbù, bọ́ sí 2,000, apá tó ń jóná sì bọ́ láti ìdá 75 sí 62. Yanrìn kò lọ síbì kan. Àwọn alààyè ló lọ.

Bí wọ́n ṣe ń kú ni nítírójìn inú ara wọn ń tú jáde bí àmóníà, tí àwọn ajẹ-àmóníà ń sọ ọ́ di nítíréètì. Iṣẹ́ yẹn ń jẹ agbára tí omi fi ń dènà ìkan: mílígíráàmù 1 nítírójìn àmóníà tó bá di nítíréètì ń jẹ mílígíráàmù 7.14 nínú rẹ̀, tí a bá fi kálísíọ̀mù kábọ́nétì wọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tó ń fi lime sí i. Nígbà tí wọ́n fi máa wò ó, pH ti wà ní 5.7, àwọn ajẹ-àmóníà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró nínú omi kíkan tí àwọn fúnra wọn pò.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, dísẹ́ẹ̀lì tán. Kò sí ẹni tó rà á mọ́. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn tó kù fi nítíréètì inú omi mí, gáàsì nítírójìn rú jáde, ó sì gbé ẹrẹ̀ léfòó, ó nípọn lórí omi bí àkàrà òyìnbó. Nígbà tí nítíréètì tán, gbogbo rẹ̀ dúdú, òórùn ẹyin sì gba ọgbà kan. Bẹ́ẹ̀ ló wà fún ọjọ́ 35.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí kí a tó lọ síwájú, torí ó ti mú ẹ̀mí lọ níbi púpọ̀. Gáàsì olóòórùn ẹyin yẹn ń pa imú: tó bá ti tó bí ìdá 100 nínú mílíọ̀nù afẹ́fẹ́, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, yóò rò pé ó ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú táńkì bẹ́ẹ̀, kódà kí garawa já bọ́ sínú rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ṣubú sínú rẹ̀, ẹni tó bẹ́ sí i láti yọ ọ́ ni òkú kejì.

Ìgò méjì lórí tábìlì

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìwọlé, ìyẹn ọjọ́ 56, wọ́n bu ìgò kan nínú táńkì ńlá, wọ́n bu ìkejì nínú gíípíì, wọ́n sì fi omi là á kó má baà nípọn jù. Wọ́n gbé méjèèjì síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ti gíípíì bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ìlà tó mọ́ yọ lókè, ó sì ń rọ̀ bọ̀ bí aṣọ tí a ń fà sísàlẹ̀. Ti táńkì ńlá kò so. Apá kan já lọ sí ìsàlẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, ìyókù dúró káàkiri inú omi ní èérún tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, kò rọ̀, kò léfòó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ìka tí a bá gbé sẹ́yìn ìgò kò hàn.

Wọ́n fi ẹ̀rọ ìwọn ọ́síjìn wo bí wọ́n ṣe ń mí. Fún gíráàmù apá tó ń jóná kọ̀ọ̀kan, ti táńkì ńlá lo mílígíráàmù 1.9 ọ́síjìn ní wákàtí kan, ti gíípíì lo 4.6. Ẹrẹ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tó ń jẹun, máa ń wà láàárín 8 sí 20. Ti gíípíì ń tòògbé. Ti táńkì ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ajílẹ̀.

Ìdánwò kejì ló sọ ojú abẹ níkòó, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe é. Yọ́ gíráàmù 9.5 ammonium sulfate sínú lítà omi kan. Bu mílílítà 10 rẹ̀ sínú lítà ẹrẹ̀ kan, yóò fún un ní mílígíráàmù 20 nítírójìn. Fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i fún wákàtí mẹ́rin, kí o fi ohun ìdánwò àmóníà tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò wò ó ní wákàtí-wákàtí. Nínú ìgò gíípíì, 20 di 11. Nínú ti táńkì ńlá, 20 wà ní 20. Àwọn ajẹ-àmóníà kù nínú èbù. Nínú táńkì, wọn kò sí.

Bí wọ́n ṣe jí i

Wọn kò kọ́kọ́ da èbù sí i. Gáàsì inú omi dúdú yẹn ìbá pa àwọn tuntun kí wọ́n tó kí àwọn àtijọ́. Ọjọ́ kìíní, wọ́n jẹ́ kó rọ̀, wọ́n fa lítà 12,000 omi òkè kúrò díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ọgbà, kì í ṣe sódò, kì í ṣe sí oko ẹ̀fọ́. Omi bọ́họ̀ọ̀lù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé omi oníkílórínì ló ní, kó ṣí i sílẹ̀ mọ́jú kó tó lò ó. Wọ́n po kílò 2.7 hydrated lime mọ́ garawa omi mẹ́rin, wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń dà á síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń hó fún wákàtí méjì. Ìwọ̀n yẹn ń fi mílígíráàmù 100 kún agbára ìdènà ìkan lítà kọ̀ọ̀kan nínú lítà 36,000 náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é láàárín ọjọ́ méjì kí pH tó dúró ní 7.2. Ẹ má fi kánjúkánjú dà á lẹ́ẹ̀kan: pH tó fò kọjá 9 yóò ṣe wọ́n bí omi kíkan ti ṣe wọ́n.

Ẹ̀rọ ńlá ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sinmi fún ọgbọ̀n, lọ́sàn-án tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí òórùn má baà gúnlẹ̀ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́. Ọjọ́ kìíní, ọ́síjìn kò kúrò ní òdo, torí gáàsì náà ló ń gbé e mì. Ọjọ́ kẹta, ó gun mílígíráàmù 2, àwọ̀ sì ti ń kúrò ní dúdú bọ́ sí eérú. Ìgbà yẹn ni wọ́n da lítà 1,000 sí i nínú èbù.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò kúkú da gbogbo rẹ̀ sí i, kó yára?” ni ọmọṣẹ́ bi ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀.

“Rárá o, àbúrò. Ẹni tó bá gbin gbogbo èbù rẹ̀ ní ọjọ́ kan, tí òjò bá dá, kí ni yóò tún gbìn?”

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí àìsàn, ẹ̀kọ mímu ni wọ́n ń gbé fún un, kì í ṣe iyán. Àwọn òṣìṣẹ́ méjìlá ń pèsè bí ìdajì kílò BOD lójúmọ́. Wọ́n fi gíráàmù 700 ṣúgà tí wọ́n yọ́ sínú omi kún un, ó di nǹkan bíi kílò kan. Fún kílò kan BOD, bakitéríà nílò gíráàmù 50 nítírójìn àti 10 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì: gíráàmù 155 NPK 15-15-15 pẹ̀lú 60 yúríà ń pèsè rẹ̀. Níbí, wọn kò lò ó, torí mílígíráàmù 40 àmóníà ti wà nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan láti ara àwọn tó kú. Ẹ dán an wò kí ẹ tó ra ajílẹ̀. Ṣúgà nìkan kò sì gbọdọ̀ pẹ́, torí ó ń mú kí ẹrẹ̀ yọ̀, kó sì wú. Láti ọjọ́ keje, lítà 500 omi táńkì ìgbẹ́ ilé òṣìṣẹ́, tí wọ́n fi àwọ̀n sẹ́, ló rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n gbé omi ẹ̀gẹ́ wá fún wọn láti ibi tí wọ́n ti ń fún gààrí, torí ó pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọ́n kọ̀ ọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, àwọn ajẹ-àmóníà kò sì lè fara dà á. Ẹnì kan mú ìgbẹ́ màlúù wá. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òun ni irúgbìn tó dára jù, ṣùgbọ́n bakitéríà inú ìfun màlúù kì í gbé inú afẹ́fẹ́, kò sì sí ajẹ-àmóníà tó ṣe é kà nínú rẹ̀. Ohun tó ń fún táńkì kò ju koríko tí a ti jẹ lọ, koríko náà yóò sì dí ojú páìpù afẹ́fẹ́. Ibi tí kò bá sí ẹrẹ̀ alààyè rárá, lítà díẹ̀ láti ilé ìfọmi mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju ọkọ̀ kan ìgbẹ́ màlúù lọ.

Ọjọ́ kọkànlá, àmóníà ti bọ́ láti 40 sí 11. Lábẹ́ maikiroskópù, àwọn ẹ̀dá onígi lẹ́sẹ̀ tí orí wọn dà bí agogo ti ń yọ lára ìṣùpọ̀, wọ́n ń mì síwá sẹ́yìn. Àwọn yẹn kì í dé síbi tí kò dára.

Ọjọ́ kejìlá, àwọn tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọlé láti tún hostel ṣe. Bílíìṣì kẹ́ẹ̀gì lítà 4 mẹ́fà ni wọ́n dà sí kọ́táà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Lítà 24 bílíìṣì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní nǹkan bíi gíráàmù 840 kílórínì. Ẹrẹ̀ tó wà nínú táńkì nígbà náà jẹ́ bíi kílò 80, ó wá jẹ́ gíráàmù 10 fún kílò kan. Àwọn oníṣẹ́ tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi kílórínì gé bakitéríà onífọ́nrán tó ń mú ẹrẹ̀ wú kúrú kì í sábà kọjá 2 sí 8 lójúmọ́, wọ́n sì ń fi ìbẹ̀rù ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́, ìfófòó funfun ti bo táńkì, omi inú ìgò ti dọ̀tí, àwọn ẹ̀dá agogo dúró láìmì, orí òmíràn ti já kúrò lára igi rẹ̀. Àmóníà gun 19 ní ọjọ́ kejì.

Wọ́n ti fáàfù ìwọlé, wọ́n darí gbogbo omi sí sọ́kàwéè àtijọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì ní, wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́jú. Nígbà tí ìwé ìdánwò kílórínì fi òdo hàn, wọ́n padà sídìí igi máńgòrò, wọ́n fa lítà 700 nínú èbù tó kù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, àmóníà ti wà ní 8. Ká ní wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ sí i ní ọjọ́ kẹta ni, ibẹ̀ ni wọn ìbá ti bẹ̀rẹ̀ láti òdo, àwọn ọmọ 300 sì ti dé ẹnu géètì.

Hostel márùn-ún ló wà, ọgọ́ta ọmọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fáàfù ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá wà. Àwọn ọmọ wọlé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n sọ́kàwéè ni omi wọn kọ́kọ́ ń lọ. Hostel kìíní wọ ilé ìfọmi ní ọjọ́ 18, ìkejì ní 24, ìkẹta ní 29, ìkẹrin ní 33, ìkarùn-ún ní 37. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: wọn kì í ṣí fáàfù tó kàn àfi tí àmóníà omi tó ń jáde bá wà lábẹ́ 5 fún ọjọ́ méjì léraléra. Láàárín ìkejì sí ìkẹta, òjò ńlá kan rọ̀ tí omi òrùlé fi wọ ihò páìpù, ó sì ti ẹrẹ̀ jáde nínú táńkì ìtòrò. Wọ́n mọ ẹnu ihò náà ga, wọ́n darí ọ̀ṣọ̀rọ̀ síbòmíràn, ó parí.

Ọjọ́ 45, ẹrẹ̀ inú lítà kan jẹ́ 2,700, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìṣẹ́jú 30 dúró ní 260, àmóníà wà ní 2. Àwọ̀ kòkó padà. Lítà 300 tó kù nínú gíípíì ṣì wà lábẹ́ máńgòrò. Wọ́n ti fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tuntun kún un di 2,000, wọn yóò sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti so táímà mọ́ ẹ̀rọ ńlá fún ìsinmi tó ń bọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kílówáàtì-wákàtí 6.6 dípò 53. Bílíìṣì wà lábẹ́ àgádágodo nínú sítọ́ọ̀, ife kan fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, hostel kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan.